Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta òkúta bezoar o, gbájúẹ̀ ni wọ́n!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra nǹkan àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ gbọ́ o, inú ń bí mi gan-an ni. Wọ́n ta ayédèrú bezoar fún mi! £380! Káàṣì ni mo kà lé e lọ́wọ́, owó iṣẹ́ òru!

Bezoar yìí, inú ikùn ewúrẹ́ igbó ilẹ̀ Páṣíà ló ti máa ń dì, aporó làwọn ọba ayé ọjọ́un kà á sí, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní pàápàá ní tiẹ̀. Mi ò rà á láti fi wo àìsàn o, kẹ́nikẹ́ni má bú mi, nǹkan àtijọ́ ni mò ń kó jọ.

Ọkùnrin yẹn gbé e sínú páálí kékeré tó tẹ́ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì sí, ó tó ẹyin ẹyẹlé, ó ń dán, ó ní bàbá ìyá òun ló fi í sílẹ̀. Irọ́! Nígbà tí mo délé tí mo gbé e síwájú iná ni mo rí ìlà tín-ín-rín tó yí i po láàrin, ibi tí wọ́n ti lẹ ìdajì méjèèjì pọ̀. Mo yan abẹ́rẹ́ nínú iná mo fi kàn án, ó wọlé wẹ́rẹ́ bíi bọ́tà, òórùn ike gba gbogbo ilé. Ike! £380!

Mo padà lọ bá a, ó ní òun ò ṣèlérí kankan, òun kàn sọ pé bezoar ni. Ohun tí alágbẹ̀dẹ wúrà kan fi mú un jẹ náà nìyẹn lọ́dún 1603, ẹjọ́ Chandelor tó ta òkúta tó pè ní bezoar àti Lopus tó rà á, £100 ni Lopus san, ilé ẹjọ́ ní pé ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀rí ìdánilójú. Òfin ti yàtọ̀ lónìí, Consumer Rights Act 2015 ní ọjà gbọ́dọ̀ bá bí wọ́n ṣe júwe ẹ̀ mu, àmọ́ níbo ni rìsíìtì mi wà? Ó ní ìwé òun ti tán. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti kọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń fi ìyá ẹ̀ búra, ta ni ò ní gbà á gbọ́?

Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ "bezoar" sí i gbangba. Ẹ fi káàdì san. Ẹ wá ìlà yẹn láàrin, tó bá sì kọ̀ kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án, ẹ máa lọ. Gbogbo wọn ni mi ò fọkàn tán mọ́, gbogbo wọn! Tó bá ti ta fún ẹ̀yin náà, ẹ kọ̀wé sí mi, ká jọ fẹjọ́ ẹ̀ sun Trading Standards, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mú ọlọ́jà oníjìbìtì, torí ó ṣì ń tà á.