Sítátà inú páálí àbí tòkunbọ̀: èwo ni kí ẹ rà fún ọkọ̀ tó ti pẹ́?

Kí ẹ tó yọ owó lápò ra sítátà, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń jí ẹ́ńjìnì, ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tó dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ́ńjìnì ò yí, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì mọ́lẹ̀ kedere, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn bàbà kékeré inú sólẹ́nọ́ìdì (súwíìṣì oníná orí sítátà) ló ti jẹ. Lára sítátà Denso tó wà lára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, wọ́n ṣeé pààrọ̀ láìra odidi sítátà. Bó bá jẹ́ pé iná yẹn ń ṣú bí ẹ bá ti kíìkì, orí bátìrì àti wáyà áàtì (èyí tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀) ni kí ẹ yẹ̀ wò. Àwọn ríwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) kan ní Ìkòròdú níbí ò ní sọ èyí fún yín, torí pé “ẹ lọ ra òmíràn wá” yá ju kí èèyàn jókòó tú nǹkan lọ.

Tó bá wá dájú pé ó ti kú, méjì ló wà lọ́jà: tuntun inú páálí, tó sábà máa ń ti Ṣáínà wá, àti tòkunbọ̀, tí àwọn ọlọ́jà kan ń pè ní Bẹ́líjọ́ọ̀mù. Camry 2.2 mi ti gbé méjèèjì rí.

Ti owó, ẹnu ìnájà yín ló máa sọ ọ́. Ti wíwá, tuntun rọrùn, ẹ lè rí i ní Sábó láìrìn jìnnà. Tòkunbọ̀ ń fẹ́ ìrìn dé Owódé Onírin tàbí Ládípọ̀, kí ẹ lè rí púpọ̀ ṣà. Ti ìdápadà, ìkan náà ni wọ́n: bó bá ti gba iná lára ọkọ̀ yín, ọlọ́jà á ní nǹkan oníná kì í padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bí sítátà ṣe ń jókòó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí eyín kékeré iwájú rẹ̀, ìyẹn bẹ́ńdìsì, yọ síta, kó wọ inú eyín fláíwíìlì (irin róbótó ńlá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì), kó yí ẹ́ńjìnì, kó sì padà sẹ́yìn. Bí iye eyín bá yàtọ̀, tàbí tí imú sítátà fi ìwọ̀nba mìlímítà kúrú, yóò ṣì kíìkì. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Tuntun tí mo rà, orúkọ ọkọ̀ mi gan-an ló wà lára páálí, ihò bọ́ọ̀tì méjèèjì ṣe déédéé, ẹ́ńjìnì sì jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Lónìí dáadáa, lọ́la kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin sábà máa ń kú sí ojú kan náà lára fláíwíìlì, nǹkan bí ojú méjì péré, nítorí náà eyín ibẹ̀ ni bẹ́ńdìsì ń jẹ. Bó bá kú síbòmíràn, ẹ ò ní gbúròó nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n tú u, etí eyín bẹ́ńdìsì nìkan ló ń dán. Ìyókù ṣì ní gíríìsì tó bá a wá látinú páálí lára. Kò wọlé dé ibi tó yẹ kó dé rárá. Wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí wọ́n tó rí fláíwíìlì pààrọ̀, owó iṣẹ́ yẹn sì ju owó sítátà lọ fíìfíì. Ọlọ́jà ní ríwáyà mi ni kò mọ̀ ọ́n dè. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Tòkunbọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yìí, torí pé lára ọkọ̀ bíi ti yín ni wọ́n ti tú u. Àìsàn tiẹ̀ ni ọjọ́ orí. Ẹ di orí bẹ́ńdìsì mú, ẹ mì ín: bó bá ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, búùṣì (òrùka tí ọ̀pá inú sítátà ń yí nínú ẹ̀) ti jẹ. Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Òórùn jíjóná kì í parọ́. Ẹ wo orí síkúrù: bí irinṣẹ́ bá ti họ ọ́, tí wọ́n tún fi ọ̀dà fàdákà kùn ún, ìlú yìí ló ti wá, kò rí òkè òkun láìpẹ́. Pé ó ń yí fìrì lórí bátìrì ọlọ́jà ò tó, kò sí ẹrù lórí ẹ̀ níbẹ̀. Kábọ̀nù ẹ̀, tó ń gbé iná dé ibi tó ń yí nínú sítátà, lè ti kúrú, ṣùgbọ́n ìyẹn ò le láti pààrọ̀.

Èyí tó wù kí ẹ mú, dídè ẹ̀ ló kù. Kí wọ́n yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kí sípánà tó kan ohunkóhun, torí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, wáyà ńlá ẹ̀yìn sítátà ò gba fíúsì kankan kọjá. Kí wọ́n ha ojú ibi tó ti ń kan gíábọ́ọ̀sì títí irin á fi dán. Ara ẹ̀ yẹn ló fi ń gba áàtì, ìpẹtà àti ọ̀dà á sì sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì orí bàbà tí wọ́n ń de wáyà ńlá yẹn mọ́, kí wọ́n má fún un jù, kí bàbà má baà yí nínú ike. Ẹ fi mítà sí bátìrì bí wọ́n ṣe ń kíìkì: bó bá já sísàlẹ̀ fóòtì 9.6, ẹ padà sí bátìrì àti wáyà. Kíkíìkì ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ sì wo òkè rẹ̀: bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ń jo ọ́ìlì sórí ẹ̀, nínú méjèèjì, kò sí èyí tó máa pẹ́.

Kí n má ṣègbè: tuntun dáa fún ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ tà lóṣù tó ń bọ̀ (èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o). Ó tún dáa bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe sítátà àkọ́kọ́ ló ṣe é, tí ẹ sì dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Fún ọkọ̀ tí ẹ óò máa gbé gba Mile 12 kọjá lójoojúmọ́, tòkunbọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ kábọ̀nù àti búùṣì ẹ̀ ni kí ẹ wò. Bó ti wù kó jẹ́, ẹ gbé òkú sítátà yín dání lọ sọ́jà, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ka eyín, ẹ wọn gígùn imú. Bí ọlọ́jà bá ń kán yín lójú, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ náà ń tà.