Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ìwé ìtàn òyìnbó lórí WhatsApp l'Óṣogbo o

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé kíkà, pàápàá ẹ̀yin ọmọge tẹ́ ẹ máa ń wá ìtàn ìfẹ́ tó ní idán àti dírágónì nínú kiri, ẹ gbọ́ o. Ẹnì kan ń tàwé lórí WhatsApp, ó ní Òkè-Fíà lòun wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí àmọ́ tó bá rí i á mọ ara ẹ̀. Olè ni. Mo tún un sọ, olè ni!

Ó gbé fótò ìwé ìtàn ìfẹ́ oní-dírágónì kan sí status, èèpo líle, wúrà ń dán lára ẹ̀, ó ní orijínà ni, ó ní ìtàn yẹn parí síbẹ̀, kò sí apá kejì tí mo máa máa wá. Mo tẹnu mọ́ ọn o, mo ní ṣé ó dá ẹ lójú? Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, àwa kì í ta ayédèrú." ₦18,000, owó ọlọ́kadà ò sí níbẹ̀ o, mo ṣe tránsífà lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́kadà bá mi ní Ọlá-Ìyá, òjò ń rọ̀, wọ́n ti fi láílọ́ọ̀nù wé e pinpin. Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò tú u wò. Ta ló ń tú ìwé nínú òjò? Lóòótọ́ ó yẹ kí n ní sùúrù, àmọ́ ẹni tó purọ́ ló jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tó sanwó!

Mo délé, wúrà yẹn ń yọ sí mi lọ́wọ́ bíi páńkéèkì. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé ti ń ṣí, ìlà ìsàlẹ̀ láwọn ojúewé kan ti bá ọ̀bẹ lọ níbi tí wọ́n ti ń gé bébà. Mo ní ó dáa, ìtàn ṣáà ni mo rà. Mo kà á dé ojúewé 160, ọmọbìnrin inú ẹ̀ mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó fẹ́ pa ọmọ ọba tó jó ìlú wọn, mo gbójú sí ojúewé tó kọjú sí i, 193! Ọmọ yẹn ti wà láyà ọmọ ọba, ó ń sọ pé òun ò lè wà láyé láìsí i! Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ló là mí lóye pé ìdì-ìdì ni wọ́n máa ń ká ìwé, ojúewé 16 tàbí 32, odidi ìdì kan ni wọn ò fi sí tèmi.

Mo yá orijínà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan n'Ífẹ̀ kí n lè ka èyí tó sọnù, inú tún wá bí mi sí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Ijó ni wọ́n jó. Ọmọ ọba tó ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé, tí ò fún un lóúnjẹ, tó ń jágbe mọ́ ọn, òun ni wọ́n ní ká máa pè ní olólùfẹ́, ìwé tí wọ́n kọ fọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Dírágónì tó gba gbogbo èèpo, oorun ló ń sùn nínú ìtàn. Níparí, wọ́n ti ọmọ náà sínú òkun, ó tán, apá kìíní nínú mẹ́ta ni. Irọ́ lórí irọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé mo ti yin ìwé yẹn fáwọn ọ̀rẹ́ mi kó tó dé rárá, ọ̀kan nínú wọn sì lọ rà á lọ́wọ́ ẹni yìí nítorí ẹnu mi. Ojú ń tì mí. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní ẹ̀rọ ló ṣe é, kí n máa fara dà á, ló bá bulọ́ọ̀kù mi. Kí n fara da kí ni?

Ẹ ní kí òǹtàwé ṣe fídíò inú ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wo ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé, díjíìtì 13 ni, 978 tàbí 979 ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kó bá èyí tó wà nínú ìwé mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayédèrú lè jí ìyẹn náà kọ. Ẹ wádìí bóyá apá kan ni. Ẹ tú u kẹ́ ẹ tó sanwó, òjò ì báà máa rọ̀. Lábẹ́ òfin Copyright ti 2022, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé, ẹ̀ṣẹ̀ ni títa ayédèrú ìwé ní Nàìjíríà, kò wá mọ̀ ni?

Ní tèmi o, mi ò gba òǹtàwé orí fóònù kankan gbọ́ mọ́, àtàwọn tó ń sunkún lórí TikTok pé ìwé kan dùn, ta ló mọ iye tí wọ́n san fún wọn? Mo ti ya fótò gbogbo ẹ̀, ojúewé 160 àti 193 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó kọ̀wé sí mi.