EPANET lórí ọ̀pá epo: bó ṣe rí lọ́wọ́ mi

Ọ̀pá epo tó gbéra láti Atlas Cove l'Ékòó, tó gba Mosimi àti Ìbàdàn dé Ìlọrin, bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti díísù ni wọ́n ṣe é láti máa gbé, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì nínú irin kan náà. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣirò lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ owó mi ò ká sọ́fítíwíà tí àwọn iléeṣẹ́ epo ń lò. Mo bá gba EPANET sílẹ̀, sọ́fítíwíà tó ń ṣirò bí omi ṣe ń ṣàn nínú páìpù. Ọ̀fẹ́ ni. Àjọ EPA, tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1993, ẹ̀dà 2.2 ti ọdún 2020 lèmi ń lò. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún o, ẹ jẹ́ kíyẹn wà lọ́kàn yín.

Kì í wúwo lórí kọ̀ǹpútà, ó sì yá. Àyè méjì ló wà fún ohun tí kì í ṣe omi: Specific Gravity, ìyẹn bó ṣe wúwo sí omi, àti Relative Viscosity, bó ṣe ki sí omi. Mo kọ 0.84 àti 4 fún díísù, mo tẹ Run. Préṣọ̀ yí padà, ṣùgbọ́n agbára tó ń sọnù lójú ọ̀nà ò mira. Mo sọ kíki di 10, pàbó. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi wá a kí n tó mọ̀ pé Hazen-Williams ni ìlànà tó fi ń ṣirò agbára tó ń sọnù, òun ló bá sọ́fítíwíà náà dé látilẹ̀, omi nìkan nìyẹn sì mọ̀, kì í wo kíki rárá. Darcy-Weisbach, ìlànà tó ń wo kíki, ni kí ẹ yàn.

Tẹ́ ẹ bá ti yàn án, ẹ yáa tún Roughness páìpù kọ̀ọ̀kan kọ, ìyẹn bí inú rẹ̀ ṣe rí gbágungbàgun sí. 130 tó dáa fún irin lábẹ́ Hazen-Williams á di mílímítà 130, àfi bíi pé òkúta ló kún inú páìpù! Mílímítà 0.046 ló tọ́ fún irin tuntun. Kò sóhun tó máa sọ fún yín pé ẹ ṣì í kọ. Ìkìlọ̀ negative pressures lásán, ìyẹn préṣọ̀ tó lọ sábẹ́ òdo, lẹ máa rí, ẹ ó sì máa rò pé pọ́ǹpù ni ò tó.

Ní ti ìwúwo, ìṣirò rẹ̀ tọ́. Ká ní ọ̀pá náà gun òkè kan tó ga ní mítà 300, díísù tó kún ọ̀pá látìsàlẹ̀ dókè ń fi préṣọ̀ bar 24.7 tẹ ìsàlẹ̀. Bẹntiróòlù, tó jẹ́ 0.74, ń fi 21.8 tẹ̀ ẹ́. Ó kù díẹ̀ kó pé bar mẹ́ta láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ìwúwo kan ṣoṣo ló ń gbà fún gbogbo iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ló ti ká mi lọ́wọ́ kò. Mo ya táǹkì méjì, mo ní kí ọ̀kan tì ní wákàtí kẹfà kí èkejì ṣí, mo wá lo Trace, tó ń tọpa ibi tí ohun tó jáde láti táǹkì kan ti dé. Ó sọ wákàtí tí díísù dé ibi kọ̀ọ̀kan fún mi, mo sì gbádùn ìyẹn gan-an. Síbẹ̀, epo kan náà ló ń ṣirò látòkè délẹ̀, ojúkò epo méjèèjì sì mú bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Nínú ọ̀pá gidi, wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra ni.

Mo rò pé bí mo bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan fún epo kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí díísù bá wà lápá tó ń gòkè, tí bẹntiróòlù wà lápá tó ń sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ pọ́ǹpù lè ju ti ìgbà tí díísù nìkan kún ọ̀pá lọ, torí bẹntiróòlù tó ń sọ̀ ò wúwo tó láti dá agbára tí wọ́n fi gòkè padà. EPANET ò lè fi wákàtí yẹn hàn yín. Excel ni mo fi ń ṣe é: mo ń gé ọ̀nà sí méjì níbi tí Trace bá ní epo méjèèjì ti pàdé, mo sì ń ṣirò apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwúwo tirẹ̀.