Kíláàsì kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọdé l'Abuja: ẹ mú ọmọ yín lọ

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti ń bi mí nípa kíláàsì kíríkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Sátidé tí ọmọ mi ń lọ, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ohun tó wù mí jù ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní ibi tí kálukú máa dúró sí, torí níbi tá a lọ tẹ́lẹ̀, pépà ni wọ́n kàn gbé fún ọmọ pé kó lọ há orúkọ àwọn àyè yẹn, slip, gully, point, cover, mid-off, sórí, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nǹkan kan.

Kóòṣì ibí ò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Á ní kí ọmọ kan di bat, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, mú, á wá bi àwọn tó kù pé ibo ló kọjú sí? Ibi tó kọjú sí yẹn ni off, ẹ̀yìn ẹ̀ ni leg, tí ọlọ́wọ́ òsì bá wá gba bat gbogbo ẹ̀ á yí padà, wọ́n á sì sáré pààrọ̀ àyè. Ìgbà yẹn ló máa tó sọ ti bó ṣe jìn sí: silly ni ẹni tó sún mọ́ ẹni tó di bat mú débi tó léwu, deep wà lọ́hùn-ún létí bọ́ńdìrì, ìlà tó yí pápá ká. Tó bá ti pariwo "deep midwicket!", ọmọ mi ti ń sáré lọ sétí bọ́ńdìrì níhà leg nìyẹn. Ti slip ni wọ́n pẹ́ lórí ẹ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ kípà, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ẹni tó di bat mú láti mú bọ́ọ̀lù, lo máa dúró sí kó o máa retí bọ́ọ̀lù tó bá ha etí bat. Kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan dé silly point, ìtòsí ẹni tó di bat mú níhà off, láìdé hẹ́líméètì, ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ó tún sọ fún wọn pé yàtọ̀ sí kípà, ẹni méjì péré ló lè wà lẹ́yìn square leg, ìyẹn ọwọ́ ẹ̀yìn ẹni tó di bat mú níhà leg, nígbà tí wọ́n bá ń ju bọ́ọ̀lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ no-ball ni, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí kò bófin mu, ó wá fi ti 1932 sí 1933 kún un kí wọ́n lè mọ ohun tí òfin yẹn ń dènà, nígbà tí àwọn England kó èèyàn jọ sí leg tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí ara àwọn ará Ọsirélíà.

Wọn kì í tètè bẹ̀rẹ̀ ṣá, kò sì sí ibòji, oòrùn Abuja yìí náà ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọbìnrin ò tún pọ̀ níbẹ̀, ó dùn mí, torí àwọn ọmọbìnrin wa tí ò tíì pé ọdún 19 ló fi run 2 (run ni àmì ayò kíríkẹ́ẹ̀tì) na New Zealand ní Malaysia ní January 2025. Ẹ mú wọn wá jàre. Ẹ gbé omi àti fìlà dání, kẹ́ ẹ sì bá wa sọ fún wọn kí wọ́n ta kánópì.