Ìwé The Magic Mountain, ó nípọn àmọ́ ẹ rà á

Ìtàn àròsọ ni, Thomas Mann ló kọ ọ́, 1924 ló jáde. Hans Castorp lọ kí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ Joachim ní ilé ìtọ́jú oníkọ́ ẹ̀gbẹ lórí òkè ní Davos, ní Switzerland, ọ̀sẹ̀ 3 ló ní lọ́kàn, ọdún 7 ló lò níbẹ̀! Ibi tó mú mi jù ni bí wọ́n ṣe ń wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ síta nínú òtútù, tẹmómítà lẹ́nu, torí kò tíì sí oògùn ẹ̀ nígbà yẹn, atẹ́gùn òkè, oúnjẹ àti ìsinmi ni wọ́n gbójú lé. Àríyànjiyàn Settembrini àti Naphta, àwọn ọkùnrin méjì kan nínú ìtàn náà, gùn jù jàre. Àmọ́ Joachim yẹn, tó kàn fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ológun, àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.