Síkánà ₦8,500 tí mo fi ń wo àrùn ọkọ̀ mi: oṣù mẹ́jọ rèé

Kí n tètè là á yé yín: gáréèjì tí mo ti ń lo síkánà yìí kì í ṣe ti Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n ti ń pe èrò Èkó. Abẹ́ páànù tí mo ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Obántokò ni, níbi tí Corolla 2005 mi àti ọ̀kadà Bajaj kan tó ti darúgbó ti jọ ń pín ìbòòji. Tó bá di Sátidé, mo máa ń wọ ṣòkòtò tí ìyàwó mi ní kò gbọdọ̀ fara kan àga pálọ̀ mọ́, màá sì kó sípánà jáde.

Síkánà ELM327 oní-Bluetooth ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun èlò tó ń ka kọ́ọ̀dù àrùn láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sójú fóònù. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ojú kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, tó ní ihò wínníwínní 16. Gbogbo mọ́tò kéékèèké tó ń lo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tá à ń gùn níbí fi máa gbà á. Ẹ kì í bọ ibẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ so ó mọ́ fóònù. Tèmi ò bá iPhone ìyàwó mi ṣọ̀rẹ́ rárá, Android ló mọ̀. Ẹni tó bá ń lo iPhone, kó wá èyí tó ní Wi-Fi.

Nígbà òjò, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáàkì bí mo bá ti ń gun òkè Àsẹ̀rò, iná ẹ́ńjìnnì sì ń ṣẹ́jú sí mi. Mẹkáníìkì mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọkàn yín lè balẹ̀." Kọ́ìlì ló ń fún pílọ́ọ̀gì níná tó fi ń ṣáná sí epo. Ọkàn mi ìbá balẹ̀ lóòótọ́, àpò mi ni ò ní balẹ̀. Mo wa ọkọ̀ lọ sílé jẹ́jẹ́.

Síkánà gbé kọ́ọ̀dù P0301 jáde. Ìyẹn ni pé sílíńdà kìíní, nínú mẹ́rin tí ẹ́ńjìnnì ti ń jó epo, ò jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò sọ bóyá pílọ́ọ̀gì ni, bóyá kọ́ìlì ni, bóyá ibi tí epo ń gbà wọlé ni. Mo fi sípánà 10 tú bóòtù kan ṣoṣo tó di kọ́ìlì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì, mo gbé e lọ sórí sílíńdà kejì, mo gbé ti kejì wá sípò rẹ̀. Mo pa kọ́ọ̀dù yẹn rẹ́, mo wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká. Iná tún tàn: P0302, ìyẹn sílíńdà kejì. Àrùn ti bá kọ́ìlì ṣí lọ! Ẹyọ kan ni mo rà, kì í ṣe mẹ́rin.

Orí mi wú. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ṣìṣe nígbà tí àrùn mìíràn dé. P0171 yọjú, ìyẹn afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kéré. Mo rí i kà níbì kan pé oxygen sensor ni, ìyẹn ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀, mo sáré lọ rà á, ọjọ́ kẹta iná padà dé. Síkánà ò jẹ̀bi o, kò ní kí n ra nǹkan kan. Ìgbà tí mo jókòó wo àwọn nọ́ńbà tó ń yí lójú fóònù ni mo tó rí i pé fuel trim, ìyẹn epo tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi kún un, wà ní 22% bí ẹ́ńjìnnì bá dúró jẹ́ẹ́, àmọ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tó ń yí ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń já sí 6%. Ibì kan ti ń fa afẹ́fẹ́ tí kò gba ẹnu ọ̀nà tó yẹ wọlé nìyẹn. Mo ṣì ń tàn tọ́ọ̀ṣì kiri nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin bẹrẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Dádì, kí ló ń súfèé yẹn?" Họ́ọ̀sì rọ́bà kan ni, abẹ́ rẹ̀ ti sán, ẹnu rẹ̀ ò ju èékánná lọ. Owó rẹ̀ ò tó àwo ìrẹsì Ọ̀fadà kan.

Àléébù rẹ̀? Ó ń mu bátìrì. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ ìrìn àjò ọjọ́ méjìlá, mo dé bá ọkọ̀ tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Orúnkún mi máa ń gbá a. Kò ka kọ́ọ̀dù ABS (ti bíréèkì) àti ti airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani nígbà ìjàǹbá) lórí tèmi. Wọ́n kọ v2.1 sí i lára, àmọ́ àfarawé ojúlówó ELM327 ni, bí ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà. Ọ̀kadà mi ní tiẹ̀ ò ní ojú tí a lè kì í bọ̀: kábúrétọ̀ ló ń lò, etí ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ mú un dání. Àwọn kan máa ń pa kọ́ọ̀dù rẹ́ kí ẹ tó dé, kí iná má tàn lójú yín. Ẹ lọ síbi readiness lójú fóònù, níbi tó ti ń sọ bóyá ọkọ̀ ti yẹ ara rẹ̀ wò tán: tó bá ń sọ pé àyẹ̀wò ò tíì parí, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló ṣe láàárọ̀, tàbí ìgbà wo ló yọ bátìrì.

Mi ò bá ya fọ́tò rẹ̀ fún yín, àmọ́ kò sí nílé. Mẹkáníìkì mi ló yá a láti Ọjọ́bọ̀, mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì.