Ẹni tó ń kọ Haskell: HLS tàbí ghcid, QuickCheck tàbí Hedgehog?

Kì í ṣe VS Code (ẹ́dítọ̀ tí a fi ń kọ kóòdù) fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ ẹni tó ń kọ Haskell, èdè ìkọ-kóòdù kan, lẹ́nu. HLS (Haskell Language Server) ni, ètò tó ń ka kóòdù lábẹ́lẹ̀ kó lè fi àṣìṣe hàn bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yà GHC (ètò tó ń sọ kóòdù Haskell di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) tí wọ́n fi kọ́ ọ gbọ́dọ̀ bá èyí tí iṣẹ́ yín ń lò mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní gbéra. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `ghcup tui` sínú tẹ́mínà (ghcup ló ń gbé GHC àti HLS wọlé), ẹ wá GHC tí wọ́n kọ `hls-powered` sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tẹ `i` kó wọlé, kẹ́ ẹ wá tẹ `s` láti yàn án. Ọ̀pọ̀ wàhálà tí wọ́n ń dì ru ẹ́dítọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀: ẹ kọ `-- >>> reverse [1,2,3]` sínú fáìlì, "Evaluate" á yọ lókè rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, `[3,2,1]` á jáde sábẹ́ ìlà náà.

Ṣùgbọ́n HLS ń jẹ RAM. Kọ̀ǹpútà oní 4 GB á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí iṣẹ́ bá ti fẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní irú rẹ̀, ghcid ni kó mú, ètò kékeré tó ń tún kóòdù yẹ̀ wò nínú tẹ́mínà bí fáìlì bá ti yí padà:

`ghcid --command="cabal repl test:spec" --restart=src --test=main`

`spec` ni orúkọ apá ìdánwò nínú fáìlì cabal, ibi tí ètò iṣẹ́ Haskell yín wà. Ẹ má yọ `--restart=src`, torí apá ìdánwò nìkan ni `cabal repl` gbé sókè, kò ní mọ̀ pé ẹ ti yí nǹkan padà nínú `src`. Bí ìdánwò bá kọ̀ tí kò sáré, ẹ wò ó bóyá ìkìlọ̀ kan wà nílẹ̀. Ìkìlọ̀ lásán ń dá a dúró, àfi tẹ́ ẹ bá fi `--warnings` kún un.

Ní ti ìdánwò, QuickCheck tí Koen Claessen àti John Hughes gbé jáde ní 2000 ṣì lágbára. Ẹ sọ òfin tí fúńkíṣọ̀n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, òun á fi dátà 100 tó ṣà fúnra rẹ̀ dán an wò. Inú GHCi, ibi tí a ti ń tẹ kóòdù Haskell tí á sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, ló ti ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ tẹ èyí wò:

`quickCheck (\xs -> reverse xs == xs)`

Irọ́ gbáà ni òfin yìí, síbẹ̀ `+++ OK, passed 100 tests` ló máa sọ. Ẹ ò sọ táìpù (irú dátà tó jẹ́), GHCi wá mú `()`, táìpù tó ní iye kan ṣoṣo, gbogbo ohun tó wà nínú lísìtì sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ kọ `(xs :: [Int])`, kíá ló máa já a, tí á sì dín àpẹẹrẹ náà kù sí lísìtì oní-nọ́ńbà méjì bíi `[0,1]`.

Dídínkù yẹn ló mú kí n fẹ́ Hedgehog, irinṣẹ́ ìdánwò mìíràn bíi QuickCheck, jù fún táìpù tí ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín. Nínú QuickCheck, bí ẹ bá kọ `arbitrary` (tó ń ṣẹ̀dá dátà) láìkọ `shrink` (tó ń dín in kù), kò ní dín ohunkóhun kù, ẹ ó wá máa tú dátà rẹpẹtẹ láti wá ibi tí àṣìṣe fara pamọ́ sí. `genericShrink`, `shrink` tó ti wà nílẹ̀, lè gbà yín, ṣùgbọ́n ó lè sọ ọjọ́ orí àgbàlagbà di 0. Inú jẹ́nẹ́rétọ̀ (kóòdù tó ń ṣẹ̀dá dátà) gan-an ni Hedgehog ti ń dín in kù: `Range.linear 18 60` kò ní lọ sísàlẹ̀ 18 láéláé. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ o, torí ẹ̀yin lẹ máa kọ jẹ́nẹ́rétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì ń kọ ọ́, ẹ fi `<$>` àti `<*>` so wọ́n pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe; `>>=` kì í jẹ́ kó dín in kù dáadáa.